Ọ̀pọ̀ Rédíò Nínú Ọkọ̀ Kan: Bí Àwọn Aṣọ́jì Ilẹ̀ Amẹ́ríkà Ṣe Ń Ṣètò Ìbánisọ̀rọ̀ Lójú Ọ̀nà

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn tí ń ṣọ́ ìjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń fi rédíò ìbánisọ̀rọ̀ àti skánà sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi owó ara wọn rà. Ó wo oríṣi rédíò tí wọ́n ń lò, ọ̀nà tí iná ń gbà láti inú bátìrì dé ọ̀dọ̀ rédíò, iṣẹ́ áńténà lórí òrùlé ọkọ̀, ohun tí òfin wí, àti bí ọ̀pọ̀ ohùn ṣe ń pín ọkàn awakọ̀ níyà. Kókó tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe pípọ̀ rédíò ni ó ń mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò. Pípín iṣẹ́ fún rédíò kọ̀ọ̀kan ni, nítorí pé bátìrì kan, òrùlé kan àti awakọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá gbà pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá ní Oklahoma, Kansas àti àríwá Texas, ìjì tí ó burú ju òjò lọ ni ó ń wá ènìyàn kiri. Ààjà ńlá ni, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní tọ́nédò. Ó máa ń já òrùlé, ó máa ń gbé ọkọ̀, ó sì lè sọ àdúgbò kan di ahoro láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ọmọ Yorùbá pátápátá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi Texas ṣe ibùgbé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, tọ́nédò líle kan gba apá àríwá ìlú Dallas kọjá ní alẹ́, ó ba ọ̀pọ̀ ilé àti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni.

Àjọ National Weather Service, tí ń ṣe àbójútó ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ náà, ní ẹ̀rọ rédà tí ó ń wo inú ìkúùkù láti ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀, rédà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìtànṣán rẹ̀ ń lọ gbọnrangandan nígbà tí ilẹ̀ ayé ń tẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ìtànṣán náà bá fi rìn tó 100 kìlómítà, yóò ti wà ní nǹkan bí kìlómítà kan àti ààbọ̀ sókè. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀, ní ibi tí ilé àti ènìyàn wà, kò hàn sí i. Ìdí nìyí tí àjọ náà fi ṣètò ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní SKYWARN ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n ń kọ́ àwọn ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ nípa bí wọ́n ṣe lè dá ìkúùkù eléwu mọ̀, kí wọ́n sì fi ohun tí ojú wọn rí ránṣẹ́ kíákíá. Àwọn wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní aṣọ́jì.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ́jì ni ó ń lo ọkọ̀ tí rédíò mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí áńténà kún orí rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, lè rò pé ìfẹ́ ohun ìṣeré lásán ni. Àwọn ìpín tí ó tẹ̀ lé èyí yóò fi hàn pé iṣẹ́ ni ó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ rédíò náà, àti pé ibi tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá ti gbàgbé iṣẹ́ yẹn ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀.

2.0 Ìtàn Ránpẹ́ Nípa Rédíò Nínú Ọkọ̀

Àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ sọ rédíò inú ọkọ̀ di ohun èlò iṣẹ́. Ní ọdún 1928, àwọn ọlọ́pàá ìlú Detroit bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ wọn. Gbígbọ́ nìkan ni àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ lè gbọ́, wọn kò lè fèsì. Ní ọdún 1933, ìlú Bayonne ní ìpínlẹ̀ New Jersey bẹ̀rẹ̀ sí í lo rédíò tí ọlọ́pàá inú ọkọ̀ lè fi sọ̀rọ̀ padà. Ní ọdún 1940, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Connecticut bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara ju ti ìṣáájú lọ, nípa ọgbọ́n FM tí ọ̀jọ̀gbọ́n Daniel Noble bá wọn ṣètò.

Lẹ́yìn náà ni ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1958, ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà ya ìkànnì 23 sọ́tọ̀ fún rédíò tí wọ́n ń pè ní CB, kí ará ìlú lè máa lò ó láìṣe ìdánwò. Nígbà tí epo wọ́n ní ọdún 1973, tí ìjọba sì fi òfin dín eré ọkọ̀ kù, àwọn awakọ̀ àjàgbé gbá rédíò CB mú. Wọ́n fi ń sọ ibi tí epo wà fún ara wọn, wọ́n sì fi ń kìlọ̀ ibi tí ọlọ́pàá lúgọ sí. Ariwo pọ̀ lórí ìkànnì wọ̀nyí tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi sọ 23 di 40 ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1977. Ní ọdún 1983, wọ́n mú ìwé àṣẹ kúrò lórí rẹ̀ pátápátá.

3.0 Oríṣi Rédíò àti Iṣẹ́ Tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Ń Ṣe

Kí àlàyé tó kàn lè yé akẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ méjì kan di mímọ̀. Rédíò ìbánisọ̀rọ̀ ni èyí tí ènìyàn lè fi gbọ́ ọ̀rọ̀, tí ó sì lè fi sọ̀rọ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí wọkitọ́kì tí ọlọ́pàá ń dì mọ́wọ́. Ìwọ̀n ìgbì ni iye ìgbà tí ìgbì rédíò ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. MHz kan dúró fún gbígbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù kan. Rédíò méjì kò lè gbọ́ ara wọn àyàfi bí wọ́n bá pàdé lórí ìwọ̀n ìgbì kan náà.

Rédíò àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ aṣọ́jì ni ti àwọn tí wọ́n ń pè ní amatọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ láàárín 144 sí 148 MHz, àti láàárín 420 sí 450 MHz, agbára rẹ̀ sì sábà máa ń tó wáàtì 50. Kí ènìyàn tó lè fi í sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò. Ìdánwò ìpele àkọ́kọ́ ní ìbéèrè 35, ẹni tí ó bá sì gba 26 nínú rẹ̀ ti yege. Láti ọdún 2007, ìjọba kò béèrè ìmọ̀ Morse mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò náà. Orí rédíò yìí ni àwọn aṣọ́jì ti ń fi ìròyìn ránṣẹ́ jù, nítorí pé ó ní ẹ̀rọ kan tí ń ràn án lọ́wọ́, ìyẹn rípítà. Orí òkè tàbí orí òpó gíga ni rípítà máa ń wà. Bí ó bá ti gbọ́ ohùn tí kò lágbára láti inú ọkọ̀ kan, yóò tún un sọ pẹ̀lú agbára lórí ìwọ̀n ìgbì mìíràn, gbogbo àgbègbè yóò sì gbọ́. Bí rípítà bá bàjẹ́, ọkọ̀ sí ọkọ̀ ṣì lè sọ̀rọ̀ tààrà. Ìwọ̀n ìgbì 146.520 MHz ni gbogbo amatọ̀ ilẹ̀ náà mọ̀ sí ibi ìpè fún irú ọ̀rọ̀ tààrà bẹ́ẹ̀.

Rédíò kejì ni CB, tí ó wà ní agbègbè 27 MHz. Agbára rẹ̀ kéré, wáàtì 4 ni òfin gbà fún un lórí AM, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ àjàgbé ṣì ń lò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi wó dí títì níwájú lè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kí ó tó gbọ́ ọ níbòmíràn. Rédíò kẹta tí àwọn kan ń fi kún un ni GMRS, tí ó wà ní agbègbè 462 MHz. Kò ní ìdánwò. Owó ìwé àṣẹ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 35 fún ọdún mẹ́wàá láti ọdún 2022, ìwé kan ṣoṣo náà sì tó fún gbogbo ẹbí. Èyí ni aṣọ́jì fi lè bá ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ nílé sọ̀rọ̀, bí àwọn yẹn kò tilẹ̀ ṣe ìdánwò amatọ̀.

Ẹ̀kẹrin kì í sọ̀rọ̀ rárá, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbọ́ rédíò ojú ọjọ́. Ìjọba ní ilé iṣẹ́ rédíò tí kò sọ ohun mìíràn ju ipò ojú ọjọ́ àti ìkìlọ̀ lọ, lórí ìwọ̀n ìgbì méje láàárín 162.400 sí 162.550 MHz. Nígbà tí ìkìlọ̀ bá jáde, ó máa ń dún lọ́nà tí kò ṣe é gbójú fò.

Ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ìdí tí fóònù alágbèéká kò fi tó. Òótọ́ ni pé lóde òní, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ń gbà dé ọ̀dọ̀ àjọ ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n òpó fóònù lè wó, iná rẹ̀ lè lọ, gbogbo ènìyàn sì lè máa pè lẹ́ẹ̀kan náà títí tí ọ̀nà yóò fi dí. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnìkan sí ẹnìkan ni fóònù ń sọ. Ohùn kan lórí rédíò ń dé etí gbogbo àwọn tí ó wà lórí ìkànnì náà lẹ́sẹ̀ kan náà, gẹ́gẹ́ bí agogo onígbe ṣe ń dé gbogbo agbo ilé.

4.0 Skánà: Ẹ̀rọ Tí Ń Gbọ́ Tí Kì Í Fèsì

Rédíò lásán ń dúró sí ìkànnì kan. Skánà kì í dúró. Ó ń yẹ ìkànnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sì dúró sí èyí tí ó bá bá ohùn níbẹ̀. Bí ohùn náà bá parí, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Nípa báyìí, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè máa tẹ́tí sí àwọn panápaná, àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì, àwọn tí ń gbé aláìsàn àti ọkọ̀ òfúrufú. Fún aṣọ́jì, ìwúlò rẹ̀ hàn gbangba. Bí àwọn panápaná bá ń sọ pé ilé wó ní àdúgbò kan, ó ti mọ̀ pé ìjì ti kan ilẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti le sí i ju ti àtijọ́ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹ̀ka ìjọba kọ̀ọ̀kan kò ní ìkànnì tirẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà kan ni ó ń pín ìkànnì fún ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí báńkì ṣe ń darí oníbàárà sí ojú fèrèsé tí ó bá ṣófo. Ọ̀rọ̀ kan lè bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì kan, kí èsì rẹ̀ wá sórí òmíràn. Skánà tí yóò bá irú ètò bẹ́ẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé àṣẹ kọ̀ǹpútà náà, ó sì gbọ́dọ̀ lè túmọ̀ ohùn tí wọ́n ti sọ di nọ́ńbà. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ti ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti ọ̀rọ̀ wọn pa. Àwọn ti Denver ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2019, àwọn ti New York sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023. Kò sí skánà tí a lè rà lọ́jà tí ó lè ṣí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ènìyàn tó ná owó lé skánà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣì ṣe é gbọ́ ní àgbègbè rẹ̀.

5.0 Iná: Bátìrì Kan, Ọ̀pọ̀ Ẹnu

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń bàjẹ́. Rédíò oníwáàtì 50 máa ń fa iná tó áńpíà 11 nígbà tí ènìyàn bá ń fi í sọ̀rọ̀. Ihò tí wọ́n ń ki ohun tí ń tanná sí sìgá bọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi fóònù sí, kò wà fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ tín-ínrín, ó sì máa ń gbóná. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí wáyà tí ó nípọn wá tààrà láti ibi bátìrì.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn. Bí ìdènà inú wáyà bá jẹ́ 0.1 ohm, tí áńpíà 11 sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, fólítì 1.1 yóò sọnù sínú wáyà náà, nítorí pé 11 tí a sọ di ìlọ́po 0.1 jẹ́ 1.1. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí fólítì ibi bátìrì jẹ́ 13.8, rédíò yóò rí 12.7 gbà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí bátìrì wà ní 12.4, ohun tí ó máa dé ọ̀dọ̀ rédíò kò ju 11.3 lọ. Ọ̀pọ̀ rédíò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ba ohùn jẹ́ ní irú ipò bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn yóò sì pa ara wọn. Olùkọ́ tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ fún òfin Ohm lè rí i pé èyí wúlò ju iná orí tábìlì lọ, nítorí pé ìyàtọ̀ fólítì kan níbí lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ìkìlọ̀ tí ó dé àti èyí tí kò dé.

Fíúsì ni ààbò kejì. Ìdí bátìrì ni ó yẹ kí fíúsì wà, kì í ṣe ìdí rédíò. Kì í ṣe rédíò ni fíúsì yìí wà fún ní pàtàkì, wáyà ni ó ń dáàbò bò. Bí wáyà bá bó níbi tí ó ti ń gba inú irin kọjá, tí ó sì fara kan irin ọkọ̀, bátìrì lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpíà sínú rẹ̀ lójijì. Bí fíúsì bá wà ní ìdí rédíò nìkan, gbogbo gígùn wáyà láti bátìrì wá kò ní ààbò, iná sì lè sọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn réwáyà tí ó mọ iṣẹ́ a máa fi rọ́bà yí ojú ihò ká kí wáyà tó gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí ẹnu òdì bátìrì tí ó ń ka iye iná tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde. Bí wáyà òdì rédíò bá lọ sórí ẹnu bátìrì tààrà, ìṣirò ẹ̀rọ náà yóò ṣì. Ojú irin tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ fi sílẹ̀ fún un ni ó yẹ kí ó lọ.

Ewu kẹta ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Rédíò tí kò sọ̀rọ̀ ṣì ń jẹ iná. Bí rédíò mẹ́rin bá ń fa ìdajì áńpíà lọ́kọ̀ọ̀kan, áńpíà 2 ni. Bí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá gbàgbé wọn ní títàn fún wákàtí 12, wọn yóò ti jẹ áńpíà-wákàtí 24. Nínú bátìrì tí ó jẹ́ áńpíà-wákàtí 60, ìdá méjì nínú márùn-ún ti lọ nìyẹn. Bí bátìrì náà bá ti gbó, tàbí bí òtútù bá mú, ọkọ̀ náà lè má ṣíná mọ́ ní ọjọ́ tí ìjì dé gan-an. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ní ìrírí fi ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i tí ó máa ń gé iná rédíò kúrò fúnra rẹ̀ bí fólítì bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ jù.

6.0 Áńténà: Òrùlé Kan, Ọ̀pọ̀ Òpó

Gígùn áńténà kò dá lórí ẹwà. Ìwọ̀n ìgbì ni ó ń pinnu rẹ̀. Bí a bá fi iye MHz pín 300, èsì rẹ̀ ni gígùn ìgbì ní mítà. Áńténà tí ó wọ́pọ̀ jù lórí ọkọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì náà. Fún 146 MHz, ìgbì jẹ́ nǹkan bí mítà 2.05, áńténà rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 51. Fún 446 MHz, áńténà kò ju sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Fún CB, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2.8, èyí tí ó gùn ju ohun tí ó rọrùn láti gbé kiri. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ká wáyà sí ìdí áńténà CB kí ó lè kúrú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára díẹ̀ ń sọnù nípa bẹ́ẹ̀.

Irin òrùlé ọkọ̀ kì í ṣe ibi ìdúró lásán fún áńténà. Òun ni ìdajì kejì áńténà náà. Ìdí nìyí tí àárín òrùlé fi dára jù, nítorí pé irin yí i ká dọ́gba, ohùn sì ń jáde sí gbogbo ìhà bákan náà. Áńténà tí ó wà ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa sí ìhà kan ju ìhà kejì lọ. Ṣùgbọ́n àárín òrùlé kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ní. Nígbà tí áńténà bá di mẹ́rin, ó di dandan kí a yan èyí tí ipò náà tọ́ sí, èyí tí ó sì tọ́ sí i ni ti rédíò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ ìjì.

Ìṣòro tí ó tóbi jù ni pé àwọn rédíò tí ó wà nínú ọkọ̀ kan lè di etí ara wọn. Ohùn tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tí ó bá fi dé áńténà skánà, kò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan wáàtì. Bí rédíò oníwáàtì 50 bá ń sọ̀rọ̀ láti áńténà tí kò jìnnà ju mítà kan lọ, skánà kò ní í gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó dà bí ẹni tí ń fetí sí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n ń lu bẹ̀ǹbẹ́ létí rẹ̀. Ìṣirò tún fi ìdènà mìíràn hàn. Rédíò tí ń sọ̀rọ̀ lórí 146.520 MHz a máa tú agbára díẹ̀ jáde lórí ìlọ́po mẹ́ta iye náà, ìyẹn 439.560 MHz, èyí sì bọ́ sí àárín ibi tí rédíò amatọ̀ kejì ti ń gbọ́rọ̀. Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta ni ó wà. Àkọ́kọ́ ni kí àwọn áńténà jìnnà síra wọn bí òrùlé bá ti lè gbà. Èkejì ni fífi àsẹ́ sí ìdí skánà, èyí tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀n ìgbì tí a kò fẹ́ wọlé. Ẹ̀kẹta, tí kò ní owó nínú, ni kí ènìyàn dín agbára rédíò kù. Bí rípítà bá wà nítòsí, wáàtì 5 lè ṣe iṣẹ́ tí wáàtì 50 ń ṣe.

7.0 Ohun Tí Òfin Wí

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ọdún 1934 lórí ìbánisọ̀rọ̀ fi àyè gba ènìyàn láti gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ń kọjá lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ó ní ààlà lórí títú ohun tí ó gbọ́ fún ẹlòmíràn tàbí lílò ó fún èrè ara rẹ̀. Òfin ọdún 1986 ka fífetí sí fóònù alágbèéká léèwọ̀. Láti ọdún 1994 ni ìjọba kò ti gbà kí wọ́n ṣe skánà tí ó lè gbọ́ ìkànnì fóònù wọ̀nyẹn, tàbí kí wọ́n kó o wọ orílẹ̀-èdè náà.

Ní ti ìpínlẹ̀, New York, Florida àti Kentucky wà lára àwọn tí òfin wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn máa gbé ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kiri nínú ọkọ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ amatọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1993, àjọ FCC tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ṣe ìpinnu pé òfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ dí amatọ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ láti ní rédíò rẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí pé rédíò náà lè gbọ́ ìwọ̀n ìgbì mìíràn. Ìwé àṣẹ tí ènìyàn gbà láti fi sọ̀rọ̀ wá di ààbò fún gbígbọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, kò sí ìwé àṣẹ kankan tí ó fún aṣọ́jì ní ẹ̀tọ́ láti sáré ju òfin lọ, láti tan iná aláwọ̀ bí ti ọlọ́pàá, tàbí láti wọ ibi tí wọ́n ti dí.

8.0 Awakọ̀ Kan, Etí Méjì

Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Awakọ̀ tí ń gbọ́ rédíò mẹ́rin, tí ń wo ojú ọ̀run, tí ó sì tún di ìtọ́kọ̀ mú, eku mẹ́fà ni ó ń lé. Ọkọ̀ tí ń sáré 88 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn ju mítà 24 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí awakọ̀ bá fi ojú wá ìkànnì fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ọkọ̀ náà ti rìn ju mítà 120 lọ láìsí ẹni tí ń wo iwájú rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, tí títì ń yọ̀, ewu náà di ìlọ́po.

Nítorí náà, ètò inú ọkọ̀ ṣe pàtàkì bí ètò orí òrùlé. Gbogbo bọ́tìnì tí wọn yóò tẹ̀ ní ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ lè dé láìjẹ́ pé ojú kúrò níwájú. Kò sì yẹ kí rédíò kankan wà níbi tí àpò afẹ́fẹ́ ààbò ti máa ń tú jáde, nítorí pé bí ọkọ̀ bá fara gbá, rédíò náà yóò di òkò. Bí rédíò kọ̀ọ̀kan bá ní sípíkà tirẹ̀, tí ọ̀kan wà lápá òsì, tí òmíràn wà lápá ọ̀tún, etí yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kí ojú tó wò ó. Ó yẹ kí ohùn rédíò ìkìlọ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ, kí ti skánà sì wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Èyí tí ó dára jù lọ ni kí ènìyàn méjì wà nínú ọkọ̀, kí ọ̀kan máa wa ọkọ̀, kí èkejì máa ṣe àkóso rédíò àti àwòrán ilẹ̀. Ẹni tí ó bá dá wà gbọ́dọ̀ kúrò lójú títì, kí ó dúró sí ibi tí ó ní ọ̀nà àsálà, kí ó tó fi ìròyìn ránṣẹ́. Ìròyìn náà kò gbọdọ̀ gùn. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń béèrè: kí ni ó rí, níbo ni ó wà, ní agogo mélòó, àti ìhà wo ni ó ń lọ. Ẹni tí ń darí ìkànnì a máa pe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ẹni tí kò bá sì rí nǹkan tuntun gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí ẹni tí ó rí i lè ráyè.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ 31 oṣù Kárùn-ún ọdún 2013 kò kúrò lọ́kàn àwọn aṣọ́jì. Lẹ́bàá ìlú El Reno ní Oklahoma, tọ́nédò kan fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 4.2, ó yí ọ̀nà padà lójijì, ó sì yára ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Ó pa Tim Samaras, ọmọ rẹ̀ Paul, àti Carl Young, tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ kan. Olùwádìí ìjì tí gbogbo ayé mọ̀ ni Samaras, ìmọ̀ àti ìrírí rẹ̀ kò kéré. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè bá a lọ, kò sí iye ẹ̀rọ tí ó lè rọ́pò jíjìnnà sí ìjì.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé tí ó ṣáájú fi hàn pé ọkọ̀ tí ó kún fún rédíò kì í ṣe ọkọ̀ tí ó gbọ́n dandan. Rédíò amatọ̀ wà fún ìròyìn, CB wà fún ipò ojú ọ̀nà, GMRS wà fún ẹbí, rédíò ojú ọjọ́ wà fún ìkìlọ̀, skánà sì wà fún mímọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká. Rédíò tí kò bá ní iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè ṣe nínú ọkọ̀ náà kò ṣe ju kí ó jẹ iná, kí ó gba ipò lórí òrùlé, kí ó sì di ariwo sí etí awakọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fi rédíò kan ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ó mọ̀ ọ́n lò dáadáa, kí àìní tí ó bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ sì sọ èyí tí ó kàn fún un.

Fún olùkọ́ àti olùkọ́ tí ń bọ̀, ọkọ̀ yìí jẹ́ ohun èlò ìkọ́ni tí ó péye. Òfin Ohm wà nínú wáyà rẹ̀, ìdá àti ìlọ́po wà nínú áńténà rẹ̀, ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí sì wà nínú òfin tí ó sọ pé kí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ má tú u. A lè kọ́ gbogbo rẹ̀ ní èdè Yorùbá láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọ́n akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìparí, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi rédíò sínú ọkọ̀ wọ̀nyí ni kí ohùn ẹni tí ó rí ewu lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tíì rí i, nígbà tí àyè ṣì wà láti sá àsálà.